TA NI Ó JẸ GBÈSÈ OMI MÍMỌ́?

Àwọn àgbà wí pé omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí omi bá dọ̀tí, òun tìkára rẹ̀ a máa di ọ̀tá ènìyàn. Àwa ará Pápá Àjàó mọ èyí dájú. Kànga ẹlòmíràn láàárín wa kò jìnnà sí ṣálángá; ẹni tí ó bá sì fẹ́ omi mímu, ó di dandan kí ó rà á lọ́wọ́ mẹ́ruwà, tàbí kí ó ra ti inú ọ̀rá.

Nítorí náà inú wa dùn sí iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kan. Ní ọdún 2017, àwọn ti Yunifásítì Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà fi iná sun olú di dúdú. Àwọn ti Maryland ní Amẹ́ríkà sì jó ojú pákó di èédú. Wọ́n mú wọn léfòó lórí omi nínú oòrùn. Ojú dúdú náà ń gba ooru; àwọn ihò tín-ín-rín tí igi fi ń mu omi nígbà ayé rẹ̀ ń fa omi sókè; ara igi kò sì jẹ́ kí ooru sọnù sí ìsàlẹ̀. Omi a di oru, a fi iyọ̀, ẹrẹ̀ àti kòkòrò àrùn sílẹ̀. Bí oru bá kan gíláàsì tí a fi bò ó, a tún di omi. Kìkì ohun tí ń fẹ́ lọ bí oru, irú bí epo bẹntiróò, ni ó lè bá a lọ.

Ẹnìkan lè wí pé: bí talákà bá lè fi igi àti oòrùn wẹ omi rẹ̀ mọ́, èéṣe tí ìjọba yóò tún fa omi ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Irú ohun èlò rírọrùn yìí, tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, kì í sábà mú ju lítà 5 wá lójúmọ́. Bí ayálégbé 30 bá ń mu lítà 2 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, a ó nílò 12 irú rẹ̀, a kò sì tíì ka omi ìsebẹ̀ àti ti ìwẹ̀. Àgbàlá wo ni ó gbà á?

Ọgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í san gbèsè ẹni tí ó jẹ ẹ́ ní omi. Síbẹ̀ gbèsè náà kò mọ sọ́dọ̀ ìjọba: ẹni tí ó gbẹ́ ṣálángá sí ẹ̀gbẹ́ kànga aládùúgbò rẹ̀ jẹ gbèsè pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọgbọ́n tuntun yìí fún ọjọ́ tí omi bá wọ́n, kí a tọ́jú kànga ara wa, kí a má sì dákẹ́ bíbéèrè omi ẹ̀rọ.