Ohun-Èlò Titun àti Ìrántí Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù baálé àti ìyálé bi ara rẹ̀ ní àkókò yìí. Nígbà tí a bá ya àwòrán àwọn ènìyàn wa, tí a sì gba ohùn wọn sínú ẹ̀rọ, ta ni ó jẹ gbèsè ìtọ́jú rẹ̀? Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ha ni, tàbí ẹni tí ó tà á, tàbí àwa tí a rà á? Ọ̀pọ̀ ni yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni èyí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ni.

Ilé kan wà ní Òfíkì tí mo mọ̀ dáradára. Ní ọdún 1994, nígbà tí ìyá àgbà ilé náà wà láàyè, àwọn ọmọ rẹ̀ gba oníkámẹ́rà kan wá láti Ṣakí kí ó ya ìgbéyàwó àbúrò wọn obìnrin sínú fídíò. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni màmá gbé ń ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì orílẹ̀ wọn títí omi fi bọ́ lójú ìyàwó. Màmá ti sùn báyìí. Kásẹ́ẹ̀tì náà wà nínú àpótí, láàrin aṣọ òfì àti ìwé ilẹ̀; ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi ń wò ó ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ mọ́ ní àdúgbò. Àwọn ọmọ-ọmọ gbé e lọ́wọ́, wọ́n yí i síwá yí i sẹ́yìn, wọ́n sì bèèrè pé kí ni ohun dúdú yìí. Ohùn ìyá wọn àgbà wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì lè gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì Betamax jáde. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ JVC ní ilẹ̀ kan náà gbé VHS jáde. Kásẹ́ẹ̀tì ọ̀kan kò lè wọ inú ẹ̀rọ èkejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wí pé àwòrán Betamax ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àkọ́kọ́ kò gbà ju wákàtí 1 lọ, VHS sì gba wákàtí 2, ilé-iṣẹ́ púpọ̀ sì ń ṣe ẹ̀rọ VHS. Nítorí náà ni VHS ṣe borí. Òun ni ó kún ilé wa. Lórí rẹ̀ ni a ta eré Living in Bondage ní ọdún 1992, tí ọjà fídíò ilẹ̀ Nàìjíríà sì gbilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwo VCD dé, àti DVD, àti káàdì tí kò tóbi ju èékánná lọ, àti fóònù alágbèéká. Ní ọdún 2016 ni Sony ṣíwọ́ títa kásẹ́ẹ̀tì Betamax. Ní ọdún náà gan-an ni ilé-iṣẹ́ Funai, tí ó gbẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ VHS, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó yan èyí tí ó fìdí rẹmi àti ẹni tí ó yan èyí tí ó borí, ibì kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Kí ni a ó ha ṣe? Ẹnìkan lè wí pé kí a dúró títí ẹ̀rọ tí kì í di ògbólógbòó yóò fi dé. Ẹni tí ó bá dúró báyìí kì yóò ya àwòrán ẹnikẹ́ni, ikú kò sì ní dúró dè é. Ẹlòmíràn wí pé kí a máa ra titun ní gbogbo ìgbà. Èyí pẹ̀lú kò tó. Nítorí ẹni tí ó ra fóònù titun tí kò kó ohun tí ó wà nínú ti àná sínú rẹ̀, àpótí ni ó pààrọ̀, ó gbàgbé ẹrù. Ẹni kẹta wí pé àwọn baba wa kò ní fídíò, síbẹ̀ wọn kò gbàgbé àwọn baba tiwọn.

Ọ̀rọ̀ ẹni kẹta yìí ni ó wúwo jù. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ti ṣe é? Inú igbá ha ni wọ́n kó oríkì sí? Rárá o. Ìyá ń kì í sí etí ọmọ, ọmọ náà sì di ìyá, ó ń kì í sí etí ọmọ tirẹ̀. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn mọ ọgbọ́n yìí. Kò sí bí a ti lè to iṣu jọ tí yóò wà fún 20 ọdún láìjẹrà. Síbẹ̀ irú iṣu tí àwọn baba-ńlá wa gbìn ṣì wà lọ́wọ́ wa, nítorí pé lọ́dọọdún ni a ń gé èbù, tí a sì ń gbìn ín sínú ebè titun. Nítorí náà àwọn baba wa kò yọ̀ǹda wa kúrò nínú iṣẹ́ ìtọ́jú; àwọn gan-an ni wọ́n ṣe é jù, láti ìran dé ìran.

Ní tòótọ́, ìwé sàn ju ẹ̀rọ lọ ní ọ̀nà kan. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ṣeé kà títí di òní; ojú nìkan ni ó ń fẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń fẹ́ iná àti ẹni tí ó lè tún un ṣe. Ooru, ọ̀rinrin àti eruku ọyẹ́ sì ń ba okùn inú rẹ̀ jẹ́ bí ó tilẹ̀ wà nínú àpótí. Ní ọdún 2019, àjọ UNESCO kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé àkókò ń lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ da ohun tí ó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì kọ.

Nítorí náà nígbà tí a bá lọ ra ẹ̀rọ, kí a má ṣe kọ́kọ́ bèèrè èyí tí ó jẹ́ titun jù. Kí a bèèrè pé: ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀, ó ha lè jáde? Ẹ̀rọ ẹlòmíràn ha lè kà á? Bí ó bá bàjẹ́, alátùn-únṣe ha wà nítòsí? Lẹ́yìn náà kí a má ṣe fi í sí ibì kan ṣoṣo. Kí ọ̀kan wà nílé, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ọmọ tí ó wà ní ìlú mìíràn. Kí a tẹ àwòrán díẹ̀ sórí ìwé, kí a sì kọ orúkọ sí ẹ̀yìn wọn. Iṣẹ́ ni èyí, n kò sẹ́. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí 2 ń fẹ́ wákàtí 2 gbáko kí a tó dà á kọ tán. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń rí owó ra aṣọ ẹbí nítorí òkú, a kò ha lè rí díẹ̀ nínú rẹ̀ láti fi pa ohùn òkú náà mọ́?

Ní ti ilé Òfíkì náà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rí ẹ̀rọ ògbólógbòó kan ní Ìbàdàn níkẹyìn. Àwòrán ń gbọ̀n, ìlà funfun ń kọjá lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn jáde. Wọ́n dà á kọ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọmọbìnrin kan nínú ilé náà, tí kò mọ màmá rí, gbọ́ ọ ní ìgbà mélòó kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ki àbúrò rẹ̀ ní oríkì náà. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ṣí àpótí rẹ̀ wò kí ọdún yìí tó parí.