Ǹjẹ́ Ebi Jẹ́ Àwíjàre fún Ẹ̀tàn?

Àwa tí a ti pẹ́ ní Jonquet ní Kútọnu, ojú wa ti rí ohun tí iná alẹ́ ń ṣe. Ilẹ̀ á ṣú, orin á bẹ̀rẹ̀ nílé ọtí, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé á dúró máa wò. Ẹnìkan á sọ fún ọmọdébìnrin pé, "Wá, iṣẹ́ wà." Iṣẹ́ wo? Ìgbà tó bá wọlé tán ni yóò tó mọ̀.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ ewéko kan tí ń bẹ ní erékùṣù Madagásíkà. Nepenthes ni orúkọ rẹ̀. Gómìnà Faransé kan níbẹ̀, Étienne de Flacourt, ti kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ní 1658. Ìkòkò kékeré tó ní ọmọrí ló so mọ́ ṣóńṣó ewé rẹ̀, omi dídùn sì wà létí ìkòkò náà. Kòkòrò á bà lé e, á máa lá a. Etí ìkòkò ń yọ̀, pàápàá bí ó bá tutù. Gẹ̀rẹ̀, ó ti já sínú omi ìsàlẹ̀! Kò lè gòkè mọ́. Omi náà á yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ewéko á sì fi ṣe oúnjẹ.

Ẹ má rò pé ọ̀nà jíjìn nìkan ni irú rẹ̀ wà. Ní ilẹ̀ Benin níbí, èyí tó ń jẹ́ Utricularia ń gbé inú omi tó dúró sójú kan. Àpò wẹ́wẹ́ rẹ̀ ń fa àwọn ẹ̀dá omi tíntìntín wọlé kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Kí ló fà á? Ibi tí wọ́n ń hù sí kò lọ́ràá. Ohun tí wọn kò rí níbẹ̀ ni wọ́n ń wá lára kòkòrò. Ebi ni. Àwọn kan á wá wí pé, "Ẹ ò rí i? Ebi náà ló ń ṣe ẹni tó tan ọmọ yẹn."

Rárá o, ará. Ewéko kò mọ ohun tí ó ń ṣe. Kò lè wí pé, "Lónìí, n kò ní tan ẹnikẹ́ni." Ènìyàn lè wí bẹ́ẹ̀. Ebi lè mú wa tọrọ, ó lè mú wa ru ẹrù lọ́jà. Kò fún wa láṣẹ láti fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe oúnjẹ.

Àwa tí a ń wòran ńkọ́? Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ kan bi wá léèrè ọ̀nà ilé ọtí kan. A nawọ́ sí i, a bá tiwa lọ. Ó ń dùn wá títí dòní. Kòkòrò kò lè sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ṣùgbọ́n àwa ní ẹnu. Ẹni tó bá mọ ibi tó ń yọ̀, kó yáa wí. Kí Olúwa là wá lóhùn. Àmín.