Ìtọ́jú Àgbà Kò Dúró De Ọjọ́ Ìsìnkú

IBI KÍKÀ: 2 Sámúẹ́lì 17:27-29, 19:31-39, Máàkù 7:9-13, 1 Tímótì 5:4, 8.

ÀKỌ́SÓRÍ: Orin Dáfídì 71:9. (Kí olúkúlùkù kọ́ ọ láti inú Bíbélì rẹ̀ kí ó tó wá sí kíláàsì.)

ÈTE Ẹ̀KỌ́: Kí a lè mọ̀ pé ìgbà tí àwọn òbí wa wà láàyè ni Ọlọ́run ní kí a bọ̀wọ̀ fún wọn, nínú ilé tí wọ́n ń gbé, kí a sì pinnu ohun tí olúkúlùkù wa yóò ṣe ní ọ̀sẹ̀ yìí.

ÌFÁÁRÀ

Ní Ẹ̀rìn-Ilé níbí, bí ó ti rí ní Ọ̀fà àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká, ilé pọ̀ tí ó jẹ́ pé àgbàlagbà kan àti ọmọ kékeré kan ni ó ń gbé inú rẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, ní Ìlọrin, ní Àbújá. Àwọn mìíràn wà lókè òkun. Nígbà ọdún Kérésìmesì, ọkọ̀ a kún ojúde. Nígbà tí wọ́n bá padà lọ, ìyá a ti ilẹ̀kùn, ilé a sì dákẹ́.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ìlú tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, oṣooṣù ni mo ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá mi, ọkàn mi sì balẹ̀ pé mo ń tọ́jú wọn. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wá sílé fún ìsìnkú bàbá ọ̀rẹ́ mi. Mo ti ra aṣọ ẹbí, mo sì ti san owó ẹgbẹ́. Nígbà tí mo yà sílé, ìyá mi kò lè dìde lórí àga. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ṣubú nínú balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ń fi òróró pa orúnkún, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ. N kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.” Mo wo aṣọ ẹbí tí ó wà lọ́wọ́ mi. Owó rẹ̀ ju owó sìmẹ́ǹtì tí à bá fi tún ilẹ̀ balùwẹ̀ náà ṣe lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí a fi owó ránṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni kí a tọ́jú ènìyàn.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Bàbá tí ó fẹ́ gbé ilé ara rẹ̀

Bárísíláì ará Gílíádì jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí Dáfídì ń sá fún Ábúsálómù, òun wà lára àwọn tí ó gbé ibùsùn, àlìkámà, ẹ̀wà, oyin àti àgùntàn wá fún ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ọba ní kí ó bá òun lọ sí Jerúsálẹ́mù, kí òun lè máa bọ́ ọ níbẹ̀. Bàbá náà dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó ní ẹnu òun kò mọ adùn oúnjẹ mọ́, etí òun kò sì gbọ́ ohùn akọrin dáadáa. Ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, níbi tí a sin bàbá àti ìyá rẹ̀ sí.

Ẹ kíyè sí ohun tí Dáfídì ṣe. Kò fi agbára mú un. Ó mú Kímhámù lọ gẹ́gẹ́ bí bàbá náà ti béèrè, ó fẹnu ko bàbá lẹ́nu, ó sì súre fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. A ó ru ìyá lọ sí Èkó, a ó fi wọ́n sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, níbi tí wọn kò ti mọ aládùúgbò kan, a ó sì máa sọ pé a ń ṣìkẹ́ wọn. Ó lè jẹ́ pé lílọ náà ni ó dára. Àìsàn lè mú kí ó di dandan. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi wọ́n. Bí wọ́n bá sì yàn láti dúró sílé, iṣẹ́ wa ni kí ilé náà lè gbà wọ́n.

2. Kórbánì ti òde òní

Àwọn Farisí kọ́ àwọn ènìyàn pé ẹni tí ó bá ti pe ohun ìní rẹ̀ ní Kórbánì, èyí ni ẹ̀bùn fún Ọlọ́run, kò ní gbèsè ìtọ́jú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́rùn mọ́. Jésù bá wọn wí. Ó ní wọ́n ti fi àṣà wọn sọ òfin Ọlọ́run di asán.

Ẹ̀yin ará, àwa náà ní Kórbánì tiwa. Ẹlòmíràn ń fi owó ńlá sílẹ̀ nígbà ìkórè kí a lè pe orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì ní owó oògùn. Ẹlòmíràn kò ra bẹ́ẹ̀dì tí ó dára fún ìyá rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó yá owó ra pósí olówó ńlá, ó pa màlúù, ó sì pe eléré. Kì í ṣe pé ìsìnkú tí ó níyì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú kò mọ adùn màlúù. Àwọn bàbá wa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìgbà tí òkété ṣì wà láàyè ni wọ́n ń sọ.

Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní apá kẹrìndínlógún, ka ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì mọ́ ohun tí ó yẹ kí ìjọba pèsè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù kò sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúró de ìjọba. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìtọ́jú náà ní ilé ara wọn. Ẹni tí kò bá sì pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ burú ju aláìgbàgbọ́ lọ.

3. Ohun tí ìtọ́jú jẹ́

(a) Kí a gbà wọ́n lọ́wọ́ ìṣubú. Élì jẹ́ ẹni ọdún 98, ojú rẹ̀ sì ti bàjẹ́, nígbà tí ó ṣubú sẹ́yìn láti orí àga tí ọrùn rẹ̀ sì ṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65, bí 28 sí 35 ni ó ń ṣubú lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ wo ilé àwọn òbí yín bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹsẹ̀ ń dùn. Ṣé ilẹ̀ balùwẹ̀ ń yọ̀ nígbà òjò? Ẹ fọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì tí kò dán tún un ṣe. Ẹ kan igi tàbí irin mọ́ ògiri kí wọ́n lè dì í mú. Ẹ fi póò sí iyàrá kí wọ́n má bàa rìn lọ sí ṣáláńgá nínú òkùnkùn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Kí wọ́n má ṣe fa omi kànga fúnra wọn mọ́.

(b) Kí a tọ́jú ara wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn kí ó tó ṣe ibi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a máa wọ̀n ọ́n fún wọn. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Ẹ dín iyọ̀ kù. Àgbà tí ó ń jẹ kìkì ẹ̀kọ àti àmàlà ń pàdánù okun. Ẹ fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ máa fún wọn ní omi mu, nítorí òùngbẹ kì í gbẹ àgbà bí ó ti ń gbẹ ọmọdé. Ẹ má ṣe ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tí ń kiri ọjà nínú ọkọ̀. Ó lè ba ikùn àti kíndìnrín jẹ́. Bí ojú bá ń ṣú, ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Awọ funfun tí ó ń bo ẹyinjú ṣeé fi iṣẹ́ abẹ mú kúrò.

(d) Kí a má ṣe pe àìsàn ní àjẹ́. Ìyá kan lè gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, kí ó máa rìn kiri lóru, kí ó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mélòó ni a ti pè ní àjẹ́ nítorí èyí, tí àwọn ọmọ sì sá fún? Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti jọ yẹ àwọn àgbà tí ó ti lé ní ẹni ọdún 65 wò ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé àrùn ìgbàgbé yìí wà láàrin àwa Yorùbá, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Àrùn ọpọlọ ni. Ẹni tí ó ń ṣe ń fẹ́ sùúrù, ojú tí ó mọ̀, àti dókítà. Kristẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan aláìsàn ti jẹ́rìí èké.

(e) Kí a fún wọn ní iṣẹ́. Ánà opó ti di arúgbó gidigidi, síbẹ̀ kò kúrò nínú tẹ́ḿpìlì, òun náà sì sọ̀rọ̀ Jésù fún àwọn ènìyàn (Lúùkù 2:36-38). Ìgbàgbọ́ Tímótì ti kọ́kọ́ wà nínú Lóísì ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ má ṣe fi àgbà sí igun ilé bí ẹrù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣa ẹ̀fọ́, kí wọ́n pa ìtàn fún ọmọ, kí wọ́n rìn dé ilé aládùúgbò lójoojúmọ́ bí wọ́n bá lè ṣe é. Ẹ máa béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ wọn.

ÌPARÍ

Kò sí ẹni tí ó lè tún ọjọ́ pè padà. Ìyá mi ṣì ń rìn, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọ̀pá irin wà lára ògiri balùwẹ̀ wọn báyìí, aládùúgbò kan sì ń yà wò wọ́n láràárọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó nínú ìrora, tí mo sì rò pé mo ń ṣe dáadáa. Ẹni tí òbí rẹ̀ wà láàyè, kí ó ṣe é lónìí. Ẹni tí tirẹ̀ ti lọ, àgbà tí kò ní ọmọ nítòsí ń bẹ ní àdúgbò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí Bárísíláì kò fi bá ọba lọ? Kí ni a rí kọ́ nínú ìdáhùn Dáfídì?
2. Kí ni Kórbánì nínú ìgbé ayé wa lónìí? Ẹ dárúkọ méjì.
3. Ìgbà wo ni o wọ iyàrá òbí rẹ gbẹ̀yìn, kì í ṣe pálọ̀ nìkan? Kí ni o rí níbẹ̀?
4. Kí ni ìjọ lè ṣe fún àwọn àgbà tí kò lè wá sí ilé ìsìn mọ́?

IṢẸ́ Ọ̀SẸ̀ YÌÍ: Kí kíláàsì kọ orúkọ gbogbo àgbà inú ìjọ tí ó ń dá gbé. Kí a pín wọn ní méjì-méjì fún àwọn ọmọ kíláàsì láti bẹ̀ wò, kí a ka ẹ̀kọ́ yìí fún wọn nílé, kí a sì tún ohun kan ṣe nínú ilé wọn kí a tó kúrò níbẹ̀.

ÀDÚRÀ: Olúwa, dárí jì wá nítorí àwọn tí a fi sílẹ̀ nínú ilé tí ó dákẹ́. Fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò lọ bẹ̀ wọ́n wò, àti etí tí yóò gbọ́ ohun tí wọn kò sọ. Nígbà tí àwa náà bá di arúgbó, má ṣe jẹ́ kí a dá wà. Ní orúkọ Jésù. Àmín.