AGBÁRA TA NI A Ó FI WỌN Ọ̀NÀ?

Bí a bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, kí a sùn ní ẹsẹ̀ òkè, kí a dé Oǹdó ní ọjọ́ kejì, kí a sì gba Ọ̀wẹnà padà, omi, oúnjẹ, àtùpà àti ohun tí a fi ń lẹ táyà kò ṣòro láti kà. Ìbéèrè tí ó le ni pé: agbára ta ni a ó fi wọn ọ̀nà?

Alágbára yóò wí pé, “Ẹni tí kò lè yára, kí ó jókòó sílé.” Ṣùgbọ́n ilẹ̀ a máa tètè ṣú nínú igbó àfonífojì, ẹni tí a sì fi sílẹ̀ níbẹ̀ kò rí ẹni ké pè. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa gbà pé ẹni tí ó lọ́ra jù lọ ni òṣùwọ̀n. Ibi tí òun lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí a sùn. Àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tí ó ju 600 lọ, kí a fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Wákàtí díẹ̀ ni alágbára yóò pàdánù. Aláìlera ìbá pàdánù ẹ̀mí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ǹjẹ́ kíláàsì kò rí bẹ́ẹ̀?