Ìmọ̀ Tó Ń Bá Iṣẹ́ Rìn

Láti ayé Aristotle ni àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí ti ń bá ìbéèrè kan fà á: ṣé ènìyàn lè kọ́ bí a ṣe ń fi òye ṣe ìpinnu kó tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, àbí ẹnu iṣẹ́ gan-an ni irú òye bẹ́ẹ̀ ti ń wá? Aristotle kò fi epo bo iyọ̀. Ó ní ọ̀dọ́ lè di ọ̀gá nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n kò lè tètè gbọ́n nínú ọ̀ràn ìgbé ayé, nítorí ohun tójú rí ló ń kọ́ni ní irú ọgbọ́n yẹn, ojú ọ̀dọ́ kò sì tíì rí tó. Mo fẹ́ gbé ìbéèrè yìí ka orí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní nọ́sìrì, ní ilé ìtọ́jú ọmọ àti ní ọ́fíìsì ìrànwọ́ ìdílé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn), tí wọ́n tún ń lọ sí yunifásítì nírọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní part-time. Ojú ẹ̀kọ́ aláàbọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wò ó, bí ẹni pé ẹni tí kò rówó tàbí tí kò ráyè ló ń fara mọ́ ọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ ọmọ àti ìdílé, ẹ̀kọ́ tó ń bá iṣẹ́ rìn ni ojúlówó. Èyí tí a kó jọ tán ká tó fojú kan ọmọ ló ní àbùkù.

Ẹ̀rí tó wúwo jù tí mo mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ikú Victoria Climbié. Ẹ̀bá Abidjan ní Côte d'Ivoire ni wọ́n bí i sí. Àǹtí bàbá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò fi í sílé ìwé ní ìlú òyìnbó, ìlérí tí kò ṣàjèjì sí ìdílé Yorùbá kankan. Nígbà tí ọmọ náà kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 2000, ọmọ ọdún 8 ni, àpá àti ọgbẹ́ 128 ni dókítà sì kà sí ara rẹ̀. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó rí i. Àwọn sóṣà wọ́kà ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin, ilé ìwòsàn méjì àti àwọn ọlọ́pàá ló ti gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó kú. Ìròyìn ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Lord Laming darí, tó jáde ní oṣù Kìíní 2003, tọ́ka sí bí àǹfààní láti gbà á là ṣe bọ́ sọnù lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí ó fi di méjìlá. Ní oṣù Keje 1999, obìnrin kan tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́jú nílé rí àpá lára Victoria, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú Victoria lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fura pé ẹnìkan ló ń na ọmọ yìí. Ọ̀gá dókítà dé, ó ní kúrúnà ni, ọmọ náà ló ń họra. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ló borí, Victoria sì padà sọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú.

Èyí tó tún dùn mí jù wà níwájú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé tí àǹtí yẹn bá ti yọjú, ńṣe ni ọmọ náà máa ń dúró gbagidi bíi ṣọ́jà. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ ní ìbọ̀wọ̀ fágbà ni, àṣà ìdílé aláwọ̀ dúdú ni. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tó bí i lọ́mọ sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọmọ náà kì í dúró bẹ́ẹ̀ nílé àwọn. Ẹni tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ìrọ̀rùn nínú: orókún wà nílẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu, ó sì lè máa tọrọ owó bisikíìtì níbẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kì í tọrọ nǹkan kan. Kò sí ìwé tó lè fi ìyàtọ̀ yìí han ẹni tí kò tíì bá ọmọ gbé rí, síbẹ̀ ẹni tó rí i lójoojúmọ́ tí kò ní èdè tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀ kò lè borí níwájú ọ̀gá.

Ohun tó jẹ́ kókó fún mi nìyẹn. Olùtọ́jú ọmọ yẹn ní ojú. Ohun tí kò ní ni ọ̀rọ̀ tí ilé ìwòsàn yóò gbọ́, àti ipò tí wọn yóò fi gbà á gbọ́. Àwọn yòókù ní ọ̀rọ̀, àní wọ́n ní ju ẹyọ kan lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ bíi “àṣà” di aṣọ tí wọ́n fi bo ohun tó wà níwájú wọn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó sì ń kàwé wà níbi tí ìmọ̀ méjèèjì ti lè máa yẹ ara wọn wò. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbọ́ ní kíláàsì bí ẹ̀rù ṣe ń hàn lára ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kan wà níwájú rẹ̀ tí kò bá ohun tó gbọ́ mu rárá. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé iyèméjì rẹ̀ lọ bá olùkọ́. Iyèméjì yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí kì í lè mú wá. Àwọn àgbà wa náà kò ya kíkọ́ kúrò lára ṣíṣe nínú ìmọ̀ tó kan ẹ̀mí ènìyàn. Ọmọ awo ń há ẹsẹ Ifá sórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, lọ́dọ̀ olúwo rẹ̀ ló sì ti ń há a, níbi tí aláìsàn, àgàn àti ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dà láàmú ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde lójú rẹ̀.

Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà yìí. Ọdún 1969 ni Open University gba ìwé àṣẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1971, kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí kankan kó tó gba ènìyàn wọlé; ní 2001 ni foundation degree dé, oyè tí wọ́n gbé ka orí iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ìwádìí ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, tí wọ́n ń pè ní EPPE, tọpa ọmọ bíi 3,000 láti nọ́sìrì, ó sì rí i pé ibi tí òṣìṣẹ́ ti kàwé jù ni ìtọ́jú ti dára jù, tí àwọn ọmọ sì ti tẹ̀ síwájú jù. Kò sọ fún wa bóyá alẹ́ ni wọ́n kàwé náà tàbí ọ̀sán, nítorí náà n kò ní fi gbéraga. Nílé náà, iṣẹ́ tí National Teachers' Institute ní Kaduna ń ṣe láti 1976 ni pé kí tíṣà máa kàwé láì fi kíláàsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí àwọn tó já Victoria kulẹ̀ kàwé? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n sóṣà wọ́kà tí ọ̀ràn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ẹrù ọ́fíìsì sì ti pọ̀ jù fún un, èyí tó jẹ́ kí Laming di ẹ̀bi tó pọ̀ jù ru àwọn ọ̀gá àgbà. Sóṣà wọ́kà náà ti kàwé tán kí ìbéèrè tó le tó dé bá a, kò sì sí kíláàsì tí yóò gbé e lọ mọ́. Láti 2003 ni ìjọba ti ní kí sóṣà wọ́kà tuntun máa gba oyè dìgírì, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lo 200 ọjọ́ lẹ́nu iṣẹ́ kó tó gbà á. Bí kíláàsì bá tó, kí ni wọ́n ń wá àwọn ọjọ́ yẹn fún?

Ẹlòmíràn á béèrè pé ta ló fún ìyá òun ní sátífíkéètì kó tó tọ́ òun dàgbà. Ìbéèrè tó dùn ún gbọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá bí ni ìyá mọ̀. Òṣìṣẹ́ nọ́sìrì ń gba ọmọ láti ilé ogún, èdè wọn yàtọ̀, oúnjẹ wọn yàtọ̀, ó sì di dandan nígbà míì kó ta ko dókítà tàbí òbí pàápàá. Bí a bá sì ní ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́ni, ẹbí ni àǹtí tó pa Victoria.

Àtakò tó le jù ni ti àárẹ̀. Ẹni tó ti gbé ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀, tó délé bá tirẹ̀, tó tún ṣí ìwé lálẹ́, kí ló kù lára rẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́la? N kò ní èsì tó lè pa àtakò yìí lẹ́nu mọ́. Nígbà tí owó yunifásítì sì fò sókè ní 2012, iye àwọn tó ń wọlé part-time ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já sí ìsàlẹ̀ ìdajì láàárín ọdún díẹ̀, tó fi hàn pé àárẹ̀ nìkan kọ́ ló ń lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ru ẹrù ni àtakò yìí ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹ̀kọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé iyèméjì tí òṣìṣẹ́ gbé lọ sí kíláàsì wá láti ẹnu iṣẹ́, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́, a jẹ́ pé wákàtí kíláàsì wà lára wákàtí iṣẹ́, kí ẹni tó gbà á síṣẹ́ sì san owó rẹ̀. Ẹni tó ni nọ́sìrì kékeré yóò ní òun kò rí irú owó bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́, nítorí náà ọwọ́ ìjọba ló yẹ kó ti wá. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń kà á sí ọ̀rọ̀ àdáni òṣìṣẹ́, owó oṣù tí kò tó nǹkan ni yóò máa fi ra ìmọ̀ tí ọmọ ẹlòmíràn ń jẹ èrè rẹ̀.