Àtẹ́lẹwọ́ Ẹni Kì í Tan Ni Jẹ

Àwọn baba wa tí wọ́n sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, wọ́n mọ̀ pé ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá rí, kò sí ẹni tí yóò gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bá ní kí olúkúlùkù ọmọ ṣe ohun-èlò orin kan wá láti ilé, tí àwa òbí sì sáré lọ sí ọjà, tí a ra gángan aláràbarà lé ọmọ lọ́wọ́, kí tiwa má baà gbẹ́yìn láàrin ẹgbẹ́. Ọmọ gbé ìlù dé kíláàsì, ẹnu ya gbogbo wọn; ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi í pé kí ni ó ń mú ohùn ìlù náà ròkè nígbà tí a bá fún ọsán rẹ̀, ilẹ̀ ni yóò máa wò bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ilé tí a kò ti lè rí ohun tí yóò di orin. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí inú rẹ̀ jẹ́ ihò a máa di fèrè. Agolo mílíìkì tí a da àgbàdo sí a máa dún bí ṣẹ́kẹ́rẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí a to ìgò méje tí ó bára dọ́gba sórí tábìlì, kí a bu omi díẹ̀ sí èkíní, kí ti èkejì jù ú lọ, títí a ó fi dé èyí tí omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn. Bí ọmọ bá fi ṣíbí kàn wọ́n, yóò gbọ́ pé bí omi ti ń pọ̀ sí i ni ohùn ń rẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ètè lé ẹnu ìgò, tí ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìgò tí ó ń kùn bí àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan ni yóò wá máa ké bí ẹyẹ ẹ̀ga. Ìgò kan náà, omi kan náà, ìdáhùn méjì! Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí a kàn án, ara ìgò ni ó ń gbọ̀n, omi sì di ẹrù tí ó ń fà á sẹ́yìn. Nígbà tí a fẹ́ ẹ, atẹ́gùn tí ó wà lókè omi ni ó ń gbọ̀n, bí àyè rẹ̀ bá sì ti kéré tó ni ó ń yára gbọ̀n tó. Etí ènìyàn a sì máa gbọ́ ìgbọ̀n bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí 20 títí dé 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo: ẹyọ ohun kan ṣoṣo ni kí ọmọ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ó kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, kí ó tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí ó bá fi rọ́bà bo ẹnu agolo ṣe ìlù, tí ó fà á le títí tí ó fi já, kí a má ṣe bá a wí, nítorí ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya, ẹ̀kọ́ sì ni èyí pẹ̀lú.

Àwọn onílù, ọmọ Àyàn Àgalú, asọ̀rọ̀igi, ti mọ̀ kí ilé-ìwé tó dé pé bí awọ bá ti le sí i ni ohùn ń ròkè sí i. Ọba Adétóyèṣe Láoyè, Tìmì Ẹdẹ, tí ó gorí ìtẹ́ ní 1946, kò ka ìlù sí ohun àbùkù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń lù ú, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá ní 1959.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi owó gángan pamọ́. Ẹ gbé ìgò àti ṣíbí lé ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ jókòó tì í, kí òun fúnra rẹ̀ sì sọ ìdí tí ohùn ìgò fi ń yí padà fún yín.