Ìdánwò Tí A Fọwọ́ Sí

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a tan ènìyàn jẹ láti mọ̀ bóyá ó ń fi òótọ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀?

Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹ̀rọ méjì wà tí à ń pè ní LIGO, ọ̀kan ní Hanford, èkejì ní Livingston. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá méjì, gígùn apá kan sì jẹ́ kìlómítà 4. Ìmọ́lẹ̀ lésà ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin àwọn dígí inú wọn. Bí ìgbì kan bá ti ọ̀run jíjìn wá, yóò na apá kan, yóò sún èkejì kì, ní ìwọ̀n tí ó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ fíìfíì.

Ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2010, àmì kan hàn. Oṣù mẹ́fà ni àwọn onímọ̀ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tilẹ̀ ti kọ ìwé tí wọn yóò fi kéde rẹ̀. Ní oṣù Máàṣì 2011, níbi ìpàdé wọn ní Arcadia, a tú àṣírí: àwọn díẹ̀ nínú wọn, tí a yàn fún un, ni wọ́n mi dígí ní ìkọ̀kọ̀!

Àwọn kan yóò ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Èmi kò gbà. Gbogbo wọn ti mọ̀ ṣáájú pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni wọn kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó mọ̀ọ́mọ̀ ju owó sílẹ̀ láti fi dán ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wò, ta ni ó bá ṣe àdéhùn? (Ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí àwọn kan nínú wa.)

Ní ọjọ́ 14 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 2015, àmì mìíràn dé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé, ta ni ó tún ṣe èyí? Kò sí ẹni tí ó ṣe é. Òkú ìràwọ̀ méjì, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè jáde nínú wọn, ni wọ́n kọlu ara wọn ní ohun tí ó lé ní bílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Síbẹ̀, wọn kò kéde rẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù Fẹ́búárì 2016.